Èèrà Ẹ̀yìnkùlé Badmus

Wọ́n bá òkú Àsàmáù ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nínú yàrá kótópó kan lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀kà, nígbà tí kùrukùru kò tíì ká kúrò lórí òkè. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó dùbúlẹ̀ sí. Ẹní rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Àwọn ike omi yí i ká, gbogbo wọn ló ti gbẹ. Aṣọ tí ó fi di ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti le bí èèpo igi. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ igbe, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó pa á.

Ohun tí gbogbo ilé lè sọ ni pé àjẹ́ ni. Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti lé e wá, ìròyìn náà sì ti ṣáájú rẹ̀ gun òkè dé Ọ̀kà. "Àdúrà ló mú un," ni obìnrin kan wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹyẹ rẹ̀ ti fò jáde. Ẹ máa wo ẹni tí yóò bà lé."

Suleiman, àbúrò òkú náà tí í ṣe olórí ilé, ti pàṣẹ pé ẹ̀yìn odi ni kí wọ́n gbẹ́ sàréè sí, lọ́nà oko, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n sì ti dì í sínú aṣọ funfun, kí Ràfíátù tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ọmọ àbúrò Àsàmáù ni. Àsàmáù ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Badmus ọkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, àti Bridget, nọ́ọ̀sì kan tí í ṣe ọmọ Ọ̀kà, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́. Wọ́n wá tọrọ àforíjì ni. Ẹkún ni wọ́n bá.

Àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà yà fún Ràfíátù. Kò jọ ti ọ̀wọ̀. Ó yé e lójú ẹsẹ̀, ẹni tí wọ́n ń retí pé kí ẹyẹ náà bà lé.

Nọ́ọ̀sì Bridget kò pẹ́ lórí òkú. Inú yàrá ni ó yẹ̀ wò, ó sì dúró gbọin níwájú igun kan.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti gbá ibí yìí?"

"Kò tíì sí ẹni tó gbá a," ni obìnrin kan dáhùn.

"Ẹ jọ̀wọ́," ni ó wí, "ẹ má gbá a."

*

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, lára Ràfíátù. Ojú ara rẹ̀ ń yún un. Ohun funfun kan ń jáde níbẹ̀, ó dì bí wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Kò rùn, ṣùgbọ́n ó ń ta á, yíyún rẹ̀ sì ń le sí i bí oru bá dé. Ó ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀kà, níbi tí ó ti ń ta mínírà tútù. Nígbà mìíràn, yóò fi oníbàárà sílẹ̀, yóò wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ, yóò sì jáde pẹ̀lú omi lójú.

Ládélé oníkẹ́míìsì ni ó kọ́kọ́ lọ bá. Ó dúró síwájú káńtà, ó rọ ohùn sílẹ̀ nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní nǹkan ń yọ òun lẹ́nu nísàlẹ̀.

"Àtọ̀sí ni, ìyàwó," ni Ládélé wí, kò rọ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ jọ máa lò ó." Ó na kápúsù aláwọ̀ méjì sí i.

Àtọ̀sí ni orúkọ tí ó máa ń yá ahọ́n jù fún ohunkóhun tí ó bá ń jáde lójú ara obìnrin. Orúkọ náà kì í sì í dá rìn. Ìbéèrè kan máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí òjìji: níbo lo ti kó o? Ràfíátù lo kápúsù. Yíyún náà rọ̀ díẹ̀, ó padà, ó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ládélé fún un ní èyí tó lágbára jù. Nígbà tí ìyẹn náà kùnà, ó gún tọkọtaya lábẹ́rẹ́.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni Badmus, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fi kẹrosíìnì fọ girísì kúrò lọ́wọ́, kò sì wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Fọlákẹ́, mo gba abẹ́rẹ́. Kò sí nǹkan kan lára mi. Kí ló dé tí tìrẹ kò lọ?"

"Ṣé èmi ni mo ní kó má lọ ni?"

"Mo ń bèèrè ni."

"Ẹ kò bèèrè, Bàbá Fọlákẹ́. Ẹ ti dáhùn."

Limota, ìyá Badmus, gbọ́ láti yàrá tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé álọ́ọ̀mù àti omi gbígbóná wá fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Èyí ni àwa fi ń tún ara ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ kápúsù," ni ó wí. Ràfíátù fi ṣan ara. Ó jó o bí ata. Kò lè jókòó dáadáa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò so mọ́ ọn. Ara Ràfíátù ń gbẹ, aṣọ rẹ̀ sì ń yọ̀ ní ìbàdí. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì ń ṣí ìgò lára ọjà tirẹ̀. "Ìyàwó, o ń tà ni, àbí o ń mu?" ni Limota máa ń wí, tí àwọn tí wọ́n wà nílé yóò sì rẹ́rìn-ín. Ó ti bí òkú ọmọ kan lẹ́yìn Fọlákẹ́, àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí ó tún lóyún, ó ránṣẹ́ sí Àsàmáù pé kí ó wá láti Ọ̀kà, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni yóò wẹ ọmọ.

Ọmọkùnrin ni wọ́n bí. Ó tóbi, ó sanra bí ọmọ tó ti ń jókòó. Kò mí.

Àsàmáù, tó wá wẹ ọmọ, wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dì í, ó gbé e fún àwọn ọkùnrin. Kò sunkún lójú àwọn ará ilé. Wọ́n sì fi ìyẹn pamọ́ de ọjọ́ iwájú.

*

Limota ni ó kọ́kọ́ rí wọn lóru. Òwìwí kan ń ké lórí igi dọ́ńgóyárò ẹ̀yìnkùlé, igbe rẹ̀ ni ó jí i. Ó yọjú ní fèrèsé. Òṣùpá mọ́lẹ̀ tó láti fi ojú ènìyàn hàn. Àsàmáù dúró lábẹ́ igi náà, ó ká ìró sókè díẹ̀. Ràfíátù yọ láti ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀. Àwọn méjèèjì sún mọ́ ara wọn, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú, ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín. Òwìwí náà dákẹ́.

Limota kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Ó dùbúlẹ̀, kò sùn. Ní òru tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni èèrà dé. Ní ojú sìmẹ́ńtì ibi tí Ràfíátù máa ń tọ̀ sí, wọ́n tò wá láti ara ògiri, wọ́n bo ilẹ̀ pitimu. Fọlákẹ́ da omi gbígbóná sí wọn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún kún ibẹ̀. Limota da kẹrosíìnì sí wọn. Wọ́n yí ibi tí kẹrosíìnì dé ká, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Gbogbo ilé dúró, wọ́n ń wò wọ́n bí ẹni ń wo àlejò tí a kò pè.

Àsàmáù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo èèrà náà pẹ́.

"Ìtọ̀ ọmọ yìí dùn," ni ó wí. "Èèrà kì í parọ́."

Limota sún mọ́ ọn.

"Ó dùn?" ni Limota bèèrè. "Ta ló tọ́ ọ wò?"

Àsàmáù gbé ike omi rẹ̀, ó mu nínú rẹ̀.

"Ìyá Ọ̀kà, mo ní ta ló tọ́ ọ wò. Ẹni tí ń mu ìtọ̀ ọmọ lóru, kí ni yóò ṣẹ́ kù tí kò ní í mu? Ọmọ inú ńkọ́?"

Àsàmáù ní ìdáhùn lẹ́nu, kò sì lè pọ̀ ọ́ jáde. Nígbà tí ìdílé Badmus fẹ́ fẹ́ Ràfíátù, wọ́n ṣe ìwádìí gẹ́gẹ́ bí àṣà. Wọ́n bèèrè bóyá wárápá wà nílé ìyàwó, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà, bóyá wèrè wà, bóyá àìsàn mìíràn wà tí ń ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ. Àsàmáù àti Suleiman ni wọ́n dáhùn pé kò sí. Ṣùgbọ́n ìyá àwọn méjèèjì mu omi títí, ó tọ̀ títí, egbò sì jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó kú. Èèrà tò lọ síbi tí òun náà ń tọ̀ sí. Àsàmáù ti ń rí irú èèrà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn yàrá tirẹ̀ ní Ọ̀kà. Bí ó bá sọ ọ́, ó ti tú ìgbéyàwó ọmọ tí ó tọ́ ká nìyẹn. Nítorí náà, ó dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì dá a lẹ́bi.

Badmus pe Àfáà Tìjání kí ọ̀rọ̀ náà tó di ariwo àdúgbò. Àfáà tẹ yanrìn, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀.

"Yanrìn kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni," ni ó wí. "Omi ni mo rí. Omi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Gbogbo ojú lọ sí ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àsàmáù, èyí tí kì í gbé jìnnà sí ara rẹ̀.

"Èmi kò wí pé òun ni," ni Àfáà wí.

"Àfáà, ẹ ti parí iṣẹ́ yín," ni Limota dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí a parí tiwa."

Àfáà kọ hántúù fún Ràfíátù, ó fi omi ṣan wàláà, ó sì po oyin mọ́ ọn dáadáa, pé kí ó máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Badmus fúnra rẹ̀ ló pe ọlọ́kadà tí yóò gbé Àsàmáù padà sí Ọ̀kà. Kò bú u. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, ó sì wo ibòmíràn. Lójú ọ̀nà tó gun òkè, ọlọ́kadà náà gbọ́ òórùn ẹran tí ń jó. Ó dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún obìnrin náà lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà, ọ̀pá èéfín ọ̀kadà náà, awọ rẹ̀ ti bó, obìnrin náà kò sì mọ̀. Ọlọ́kadà náà ròyìn rẹ̀ káàkiri ibùdókọ̀: iná jó o, kò gbin. Àwọn tí wọ́n ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ kò ṣiyèméjì mọ́.

*

Ràfíátù mu hántúù olóyin náà, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣubú sáàárín ìgò nínú ìsọ̀ rẹ̀. Badmus gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù.

Nígbà tí omi tí wọ́n fà sí i lára jẹ́ kó lajú, Nọ́ọ̀sì Bridget, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àtọ̀sí lẹ́nu ọkọ, ní kí ọkọ náà jáde.

"Ìyá Fọlákẹ́, ta ló sọ fún yín pé àtọ̀sí ni?"

"Ládélé oníkẹ́míìsì."

"Ṣé ó yẹ̀ yín wò?"

"Ó wo ojú mi."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. "Èmi fẹ́ wo ibi tó ń yún yín."

Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wò ó láti ìgbà tí ìyọnu náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi òwú gba díẹ̀ lára ohun funfun náà, wọ́n gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Èsì dé kíákíá.

"Kì í ṣe àtọ̀sí," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ohun kan tó jọ èyí tí ń mú kí búrẹ́dì bu ni. Ó wà lára ọ̀pọ̀ obìnrin láì ṣe wọ́n ní nǹkan. Ẹ kò kó o lára ọkùnrin kankan. Kápúsù kì í pa á. Àwọn kòkòrò rere tí ń ṣọ́ ọ lára yín ni kápúsù ń pa, tí òun fi ń ráyè gbilẹ̀. Álọ́ọ̀mù sì ti bó yín lára. Ẹ fi sílẹ̀. Oògùn kan wà tí ẹ ó máa tì bọ ojú ara."

Ràfíátù sunkún fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n sọ ọ́ báyẹn létí ọkọ òun.

"Màá sọ ọ́. Ohun tó ń dà mí láàmú ni bó ṣe ń padà. Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin, yóò sì lọ. Kí ló ń bọ́ tiyín?"

"Àjẹ́ ni," ni Ràfíátù wí. Ó rẹ̀ ẹ́. "Wọ́n ní ìyá tó tọ́ mi ni. Gbogbo ilé gbọ́ ọ lẹ́nu wọn."

"Kí ni wọ́n gbọ́?"

"Èèrà bo ibi tí mo ń tọ̀ sí. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ìtọ̀ mi dùn."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ tún un sọ."

"Wọ́n ní ìtọ̀ mi dùn. Wọ́n ní èèrà kì í parọ́."

"Àti lóru? Ẹ máa ń jí tọ̀?"

"Ìgbà púpọ̀. Àwọn náà máa ń jí. Ẹ̀yìnkùlé la ti máa ń pàdé. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, 'Ìwọ náà?' Mo ní, 'Ìyá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.' Wọ́n ní tàwọn kì í jẹ́ káwọn wọlé rárá. A fi rẹ́rìn-ín."

Ìpàdé tí Limota rí lóru nìyẹn. Nọ́ọ̀sì gba ìtọ̀ Ràfíátù sínú ife, ó ti ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, àwọ̀ ìwé náà sì yí padà kí ó tó yọ ọ́ tán. Dókítà fi ẹ̀jẹ̀ jẹ́rìí sí i. Àtọ̀gbẹ ni, àìsàn tí ń kó ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Ṣúgà yẹn ni ohun tó ń yún un ń jẹ.

Dókítà sọ ọ́ létí Badmus pé kì í ṣe gbogbo obìnrin tí ara ń yún ló ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tí ń lọ tó ń bọ̀ yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ó ní àtọ̀gbẹ máa ń mú ọmọ inú tóbi, ó sì lè pa á. Òun kò lè búra pé àtọ̀gbẹ ló pa àwọn ọmọ Ràfíátù.

Badmus jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Àtọ̀sí, àtọ̀gbẹ," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ṣì gbọ́."

Nílé, Limota gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mi orí. "Mo ti gbọ́. Ṣúgà ni. Ta ló wá fi ṣúgà sí i lára?"

"Àìsàn ni, Ìyá."

"Àìsàn ní ẹni tí ń rán an níṣẹ́. Bí ìyá Ọ̀kà kò bá mọwọ́mẹsẹ̀, báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n ṣáájú dókítà?"

Ràfíátù ló rí èsì náà nígbà tí ó gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́ fún Nọ́ọ̀sì Bridget lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀: obìnrin tó mọ̀ ọ́n ní láti jẹ́ obìnrin tó ní i. Nọ́ọ̀sì ní òun yóò bá wọn lọ wò ó ní Ọ̀kà.

*

Ohun tí Nọ́ọ̀sì rí ní igun yàrá ni ike tí Àsàmáù máa ń tọ̀ sí lóru. Ìtọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Èèrà gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ẹnu, wọ́n dúdú bí okùn tí a fi di ike náà.

"Bàbá," ni ó wí fún Suleiman, "ẹ jẹ́ kí a mú díẹ̀ lára èyí lọ fún àyẹ̀wò. Àgọ́ ìlera Ọ̀kà ti tì nítorí Àìkú. Ìkàrẹ́ ni."

"Kí ni ìtọ̀ òkú lè sọ?"

"Kò lè sọ ohun tó pa wọ́n. Ó lè sọ bóyá ohun tí wọ́n wí nípa ọmọ yìí, ara wọn ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n."

Suleiman bu omi nínú kúlà, ó mu ún tán. Ó tún bu òmíràn. Ràfíátù ń wò ó. Bí ó bá jẹ́ àjẹ́, ọ̀ràn náà tán lórí obìnrin kan. Bí ó bá jẹ́ ohun tó pa ìyá wọn, kò tíì tán lórí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, Bọ̀dá," ni Ràfíátù wí jẹ́ẹ́. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ dáhùn ìwádìí."

Suleiman kò wo ojú rẹ̀. "A kì í dá òkú dúró," ni ó wí níkẹyìn. "Kí wọ́n gbẹ́ sàréè kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Bí ìwé tó ní òǹtẹ̀ bá dé kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì, ibẹ̀ la ó sin ín sí, èmi yóò sì sọ ìdí rẹ̀ lójú gbogbo yín. Bí kò bá dé, ẹ̀yìn odi ni."

Badmus ti na ọwọ́ gba ìgò tí Nọ́ọ̀sì bu ìtọ̀ náà sí. Ó tì í bọ àpò àyà, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ níbi kọ́nà kan dé òmíràn títí tí kò fi dún mọ́.

Wọ́n gbẹ́ sàréè méjì ní Ọ̀kà lọ́jọ́ náà nítorí òkú kan. Àwọn tó gbẹ́ ti ẹ̀yìn odi kọ́kọ́ ṣe tán, wọ́n wá jókòó pẹ̀lú ọkọ́ wọn lábẹ́ òrùlé. Oòrùn yẹ̀. Àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà kò bá Ràfíátù sọ̀rọ̀. Ó jókòó ti òkú náà, ó fi ọwọ́ lé orí aṣọ funfun níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà.

Ládàánì gun orí àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, ó wú ikọ́. Suleiman dìde.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi kọ́nà àkọ́kọ́, ọ̀kadà kan ń bọ̀. Kò tíì sún mọ́ tó kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ bóyá ti Badmus ni.